Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kì í Tọ́jú Arúgbó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń fi í tan ara wa jẹ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lónìí, ẹni tí yóò bá bínú kó bínú. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́n gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu iṣẹ́ títí wọn ó fi ní kó máa lọ, kó fi gbogbo owó rẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìlú bàbá rẹ̀, kó wá lọ darúgbó síbẹ̀. Mo ní irọ́ ni!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti àsìkò. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì tó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Kò sọ pé kéèyàn má lọ ṣáájú. Ẹni ọdún 52 ni mí, mo ti lo ọdún 27 ní ọ́fíìsì l'Ékòó. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí kí n tó lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀ láti Ìpájà dé Erékùṣù. Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ̀lẹ ni mí. Ọ̀lẹ kẹ̀? Ṣé dandan ni kí n lo gbogbo agbára mi tán sínú gó-síló?

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ní 2004 ni òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun dé, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tún un ṣe ní 2014, wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán nínú owó oṣù wa, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 lé e. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó pé 50 ọdún, oṣù mẹ́rin ni yóò fi dúró láìríṣẹ́ mìíràn kó tó fọwọ́ kan owó náà, kò sì ní ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, mi ò ní kí ọmọ 40 ọdún fi ìbínú ọ̀gá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá 50, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jáde ilé ìwé, tí kò jẹ gbèsè, kí ló tún ń dúró dè? Wọ́n á ní owó ìfẹ̀yìntì ò tó jẹun. Òótọ́ ni, ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ìdí gan-an rèé tó fi yẹ kéèyàn lọ nígbà tí ọwọ́ ṣì lè ṣiṣẹ́ mìíràn.

Ó wá kan ibi tí a ó gbé. Àwọn ẹbí mi ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ilé wo? Ìlú tí mo ti kúrò lọ́mọ ọdún 11? Ẹ rìn yí ká àwọn ìlú wa lọ́jọ́ tí kì í ṣe Kérésì tàbí Iléyá. Ẹ ó rí ilé ńláńlá tí wọ́n tì pa, tó jẹ́ aláǹgbá ni lańlọ́ọ̀dù ibẹ̀. Bí onílé bá sì wà ńbẹ̀, iyàrá kan nísàlẹ̀ ló ń lò, orúnkún ò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Bí àìsàn bá dé lóru ńkọ́? Ta ni yóò gbé e, ọsibítù wo sì ni?

Ìbàdàn ni èmi ń lọ ní tèmi. Ọsibítù ńlá UCH ti wà níbẹ̀ láti 1957, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 á sì máa gbé mi wá wo àwọn ọmọ mi l'Ékòó. Iyàrá méjì nísàlẹ̀ tó wa. Ìyàwó mi tilẹ̀ ní ká kọ́kọ́ gba ilé rẹ́ǹtì fún ọdún kan ká tó ra ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn.

Ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ wà nílé, tó lóko, tó lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kó lọ sílé, a ò bá a jà. Èyí tí mò ń bá jà ni ilé tí à ń kọ́ nítorí ojú ayé. Wọ́n bi mí pé, “Tóo bá kú, níbo la ó sin ọ́ sí?” Mo ní ọjọ́ kan péré ni ìsìnkú. Ibi tí n ó gbé fún ogún ọdún kí n tó kú ni mò ń wá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù, ẹ ka iye àwọn tí yóò máa kí yín káàárọ̀ níbi tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí. Bí ẹ ò bá rí márùn-ún kà, ẹ fi owó yín sápò.