Ẹ Má Fi Òwe Po Oògùn

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tó jáde lójú ewé ìlera yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé níwọ̀n ìgbà tí apá oògùn apakòkòrò kan ṣoṣo kò bá ti ká àrùn mọ́, kí á máa lo méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n apòògùn ni mí, mo sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dà tó bá dé etí ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Òǹkọ̀wé yín kò parọ́ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ìwádìí tí Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn, gbé jáde ní 2022 fojú bù ú pé èèyàn tó tó 1,270,000 ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa lágbàáyé ní 2019. Tí a bá sì fi iye òkú wé iye èèyàn, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló ṣíwájú. Ohun tí mò ń bá a jà lé lórí ni ibi tó gbà lọ láti ibẹ̀.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló fi ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ kò ka ìtàn ọ̀hún dé ìparí. Nígbà tí wọ́n dán streptomycin wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1948, inú gbogbo ayé dùn. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni 4 péré ló kú nínú 55 tó gba abẹ́rẹ́ náà. Nínú 52 tí wọ́n kàn ní kí wọ́n máa sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni 14 ló kú. Nígbà tó máa fi di ọdún márùn-ún, 32 nínú àwọn 55 ọ̀hún ti wà nínú ilẹ̀. Kòkòrò ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ìgbà tí wọ́n wá fi oògùn kejì, PAS, tì í lẹ́yìn ni kòkòrò kò rí ọ̀nà sá lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìṣirò kan ló wà nídìí rẹ̀. Nínú kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan ni isoniazid kì í ràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti rifampicin jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Kí ẹyọ kòkòrò kan ṣoṣo tó lè bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iye kòkòrò tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀fóró kankan lè gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣirò yìí kò dúró àfi tí oògùn méjèèjì bá ṣì ń ràn kòkòrò ọ̀hún. Bí ọ̀kan bá ti di omi lásán sí i, èkejì nìkan ló ń jà, aláìsàn á sì máa rò pé méjì lòun ń lò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń fún aláìsàn lóògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnì kan sì ń mójú tó o pé ó lò ó tán. Kódà èyí tó gbóná jù nínú wọn, oògùn mẹ́ta tí wọ́n fún ẹni 109 ní Gúúsù Áfíríkà, wo nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn sàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí kó máa kú mọ́ wọn lára nítorí linezolid tó wà nínú rẹ̀. Dókítà tó ń ṣọ́ wọn ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dín in kù.

Ẹ wá fi èyí wé tiwa. Obìnrin kan á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, “Dókítà, inú ń run mí, ẹ bá mi po ti N500.” Ẹni tó ń pè ní dókítà kò wo ìwé kankan. Á da kápúsù tẹtirasáíkílìn méjì sínú ọ̀rá, pupa àti yẹ́lò yẹn. Á fi Ampiclox méjì sí i, á fi Flagyl lé e, á fi hóró funfun kan parí rẹ̀ fún ara ríro. “Ẹ lo ìdajì báyìí, kí ẹ lo ìyókù lálẹ́.” Ó parí. Oògùn apakòkòrò mẹ́ta nìyẹn o, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé yín ṣe fẹ́. Kò sí èyí tó pé ọjọ́ kan nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn lè bá oògùn jà. Ní 1951, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Lepper àti Dowling, kọ nípa àwọn tí àrùn yírunyírun ń ṣe. Nínú àwọn tó gba pẹnisílínì nìkan, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n fi chlortetracycline kún tiwọn, ìdá 79 ló kú. Ìgbà tí kòkòrò bá ń mọ ògiri ara rẹ̀ ni pẹnisílínì máa ń rí i mú. Oògùn kejì sì rèé, ńṣe ló dá kòkòrò náà dúró gbọn-in kó má lè dàgbà. Èyí tí kò dàgbà kò mọ ògiri, pẹnisílínì ò sì rí ibi bá a. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni chlortetracycline yẹn àti kápúsù pupa òun yẹ́lò tó wà nínú ọ̀rá obìnrin wa. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò pẹnisílínì ló sì wà nínú Ampiclox.

Ampiclox fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ 500 sí lára, 250 jẹ́ ampicillin, 250 tó kù jẹ́ cloxacillin. Ó ṣọ̀wọ́n kí àrùn kan náà nílò méjèèjì. Bó bá jẹ́ cloxacillin ló yẹ ẹ́, ìdajì ìwọ̀n tí àgbàlagbà sábà máa ń lò lo gbé mì, pẹ̀lú ampicillin tó ń kọ́ àwọn kòkòrò inú ìfun rẹ bí wọ́n á ṣe máa gbó sí i. Láti 2019 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn àpòpọ̀ tí wọn ò fọwọ́ sí. Níbí, àwọn obìnrin ṣì ń lò ó lẹ́yìn nǹkan oṣù pé ó ń fọ inú.

N kò sọ pé gbogbo àpòpọ̀ ló burú. Augmentin ní ọgbọ́n nínú: clavulanic acid inú rẹ̀ ló ń dí kòkòrò lọ́wọ́ kó má lè gé amoxicillin já. Ọmọ tuntun tí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ampicillin àti gentamicin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, torí kò sí àkókò láti dúró de èsì. Ẹni tó mọ̀dí rẹ̀ ló yan wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀dí rẹ̀ náà máa ń kàgbákò. Ní Ísírẹ́lì, Gíríìsì àti Ítálì, wọ́n fi colistin nìkan tọ́jú apá kan nínú ẹni 406 tí kòkòrò agídí ń bá jà, wọ́n fún apá kejì ní colistin àti meropenem. Èsì jáde ní 2018: àfikún náà kò ṣe wọ́n lóore kankan tó hàn. Àwọn kòkòrò ọ̀hún ti gbó sí meropenem tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ìwé ìròyìn yín máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni lábù. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí kòkòrò inú itọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn hù, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á to bébà róbótó kéékèèké tí oògùn wà lára wọn sórí rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ibi tí oògùn bá ti ràn á mọ́ roro yí bébà rẹ̀ ká, ibi tí kò bá ti ràn, kòkòrò á hù dé ẹsẹ̀ bébà. Kí àyẹ̀wò yìí wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba, kó sì wọ́n níwọ̀n. Kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oògùn, tún ìwé Ampiclox àti irú rẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n lágbára rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi ikọ́ tó ní kodíìnì dójú ẹ̀ ní 2018, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni kí ìjọba tó dá a dúró.

Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ fèsì, kó má tún pa òwe fún mi. Kó dárúkọ oògùn méjì tó ní kí a pò, kó sọ kòkòrò tó fẹ́ fi wọ́n pa, kó sọ ìwọ̀n àti iye ọjọ́, kó sì sọ ẹni tó yẹ aláìsàn náà wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apòògùn kan, Ìbàdàn