Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Sí Gíláàsì Ọkọ̀

Ní ọdún tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyá mi lọ wo Toyota Corolla Tòkunbọ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Ìlọrin yìí. Mílíọ̀nù 7 náírà ni ọlọ́jà pè é. Ìyá mi ná an títí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n yọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin dá lọ. Ọkọ̀ kan náà, ọlọ́jà kan náà: mílíọ̀nù 6 ni wọ́n pè é fún wọn, kí wọ́n tó lanu ná an rárá.

Nígbà tí mo ráhùn, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àṣà wa ni kí a ná ọjà, kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ná gba kámú. Èmi kò gbà.

Mo mọ ọjà ná. Bí mo bá lọ ra tòmátì ní Ìpàta, mo máa ń ná an. Ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ tòmátì tó ti bàjẹ́; bí aláta kan bá sì pè é jù, mo lè kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ta ló lè fojú lásán mọ bí gíà ọkọ̀ ṣe rí? Ọlọ́jà mọ iye tó rà á, ó mọ ohun tó ń ṣe é. Oníbàárà kò mọ ìkankan. Bí ẹnì kan bá lajú tí ẹnì kejì di ojú, ìyẹn kì í ṣe ìdúnàádúrà mọ́.

Wọ́n á ní dọ́là ló fà á. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọjà máa pinnu iye náírà ni ọkọ̀ ti gbówó lórí gan-an. Ṣùgbọ́n dọ́là kò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin.

Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá mọ ọjà ná ló ń rí ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó wo? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń yọ̀ pé òun ra ọkọ̀ ní pọ́ọ́kú, tí kò sì ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, lè pàdánù ọkọ̀ àti owó.

Àwọn àgbà ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tiwa ní òfin. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn kedere.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sí gíláàsì, kí gbogbo ojú rí i. Bí a bá tún fẹ́ ná an, ibi kan náà ni gbogbo wa yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú mẹkáníìkì dání, ẹ yẹ ìwé wò kí ẹ tó dárúkọ owó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló padà bá wọn ra ọkọ̀ náà. Owó ìyá mi ni, ohùn ọkùnrin ni wọ́n fi rà á. Èmi kò fẹ́ yá ohùn ẹnikẹ́ni kí n tó lè ná owó ara mi.