Ẹ̀rọ Kò Mọ Orúkọ Òkè

Ẹni tí ó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí kò ní tètè gbàgbé rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó ju 300 lọ ni yóò kọ́kọ́ gùn, kí ó tó dé orí àpáta níbi tí adágún Ìyákẹ́ wà, tí òkúta Ìṣàgẹ̀ sì dúró bí ohun tí afẹ́fẹ́ lè tì ṣubú. Àlejò a wò ó, a ya àwòrán rẹ̀, a sì sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi ìran wíwò nìkan ni òkè yìí. Ìlú ni í ṣe rí. Orí rẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ará Adó sá sí ní ìgbà ogun, kí ọmọ wọn tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè. Ibo ni ààfin wà nígbà náà? Ibo ni wọ́n ń ná ọjà? Ọ̀nà wo ni àwọn ìyá ń gbà lọ pọn omi? Àgbà tí ó lè nawọ́ sí i kò pọ̀ mọ́, koríko sì ti bo ìyókù.

Ní àkókò yìí gan-an ni ọgbọ́n titun kan dé, tí ó yẹ kí àwọn ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé wa mọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn òde òní kì í sábà fi ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ń so ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní lidar mọ́ ọkọ̀ òfuurufú, tàbí mọ́ dírónù, èyí tí í ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ènìyàn ń darí láti ilẹ̀. Bí ó ti ń fò, ẹ̀rọ náà a máa ta ìtànṣán sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtànṣán a kan ilẹ̀, a sì padà. Àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ ni a ó fi mọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó. Èyí tí ó bá kan ewé igi, kọ̀ǹpútà a yọ ọ́ sẹ́yìn. Èyí tí ó bá gba àárín ewé dé ilẹ̀, òun ni a ó fi ya máàpù. Báyìí ni a ṣe ń rí ojú ilẹ̀ bí ẹni pé a ti ṣán gbogbo igbó rẹ̀, láìgé igi kan ṣoṣo.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́bàá Johannesburg, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karim Sadr ti Yunifásítì Witwatersrand fi ẹ̀rọ yìí wá Kweneng, ìlú àwọn Tswana tí ogun sọ di ahoro ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ní 2018 a gbọ́ pé nǹkan bí 800 agbo ilé ni ó ti farahàn. Ní ilẹ̀ tiwa, wọn kò dúró de ẹ̀rọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1980 ni Robert Soper àti Patrick Darling tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí odi Ọ̀yọ́-Ilé jáde. Darling kan náà fi ẹsẹ̀ la igbó Ìjẹ̀bú já láti wọn Erédò Sùngbọ́, odi àti yàrà tí ó yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, tí ó sì ga tó mítà 20 ní àwọn ibì kan. Síbẹ̀, ọ̀nà àti ilé titun ń gé Erédò náà jẹ. Ohun tí a kò wọ̀n, tí a kò sì kọ sílẹ̀, ó ṣòro láti gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà a kò lòdì sí ẹ̀rọ. Àwa ń fẹ́ ẹ fún òkè Adó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Àlejò ni ẹ̀rọ yìí. Yóò fi òkúta tí a tò yípo hàn wá, kò ní sọ ìdílé tí ó tò ó. Kò lè rí ohun tí ó sin sínú ilẹ̀, kò sì lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyẹn di iṣẹ́ àwọn awalẹ̀ tí ó bá gba àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí òfin 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti là á sílẹ̀. Orúkọ, oríkì àti ìtàn ibẹ̀, ẹnu àgbà nìkan ni wọ́n wà.

Ẹ rántí Nehemáyà. Kí ó tó mọ odi Jerúsálẹ́mù, ó kọ́kọ́ gun ẹran lọ ní òru, ó yí odi náà wò, kò sì sọ fún ẹnìkan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ó pe àwọn ará ìlú, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wọn. Ìgbà náà ni wọ́n dìde sí iṣẹ́, tí àwọn kan nínú wọn sì mọ ibi odi tí ó kọjú sí ilé wọn. Awọnlẹ̀ tí ó wọn ìlú, tí ó gbé máàpù lọ láìfi han onílùú, apá kan iṣẹ́ Nehemáyà ni ó ṣe.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá wọn òkè náà kọ́kọ́ wá sí ààfin Aládó. Kí àgbà bá a rìn, kí a sì kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sórí máàpù pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí òmíràn wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí a má sì tú ojúbọ àti ibi ohun iyebíye síta fún olè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí koríko ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de dírónù. Àgbà tí ó ṣì lè gun àtẹ̀gùn náà lọ́dún yìí lè má lè gùn ún ní èèmíì. Kí ọmọ ilé-ìwé kan mú fóònù rẹ̀, kí ó bá bàbá gòkè lọ, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí bàbá bá ti dúró tí ó ní, "Ibí ni."