Kí Ohun Tí Ọlọ́hun Fi Sábẹ́ Ilẹ̀ Má Bá Wa Lójú Oorun

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní Ofosu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ bẹ̀rẹ̀ láti abúlé kan tí ń jẹ́ Bourakébougou, ní nǹkan bí kìlómítà 60 sí Bamako, olú-ìlú Mali. Ní ọdún 1987, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé mítà 108, omi kò jáde. Atẹ́gùn ni ó ń fẹ́ láti inú ihò náà. Ọ̀kan nínú wọn bẹjú wo inú rẹ̀ pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ni atẹ́gùn bá gbiná mọ́ ọn lójú. (Kí àwọn tí a ti ń bẹ̀ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá ó gbọ́ èyí náà kún un.) Iná yìí jó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì rú èéfín dúdú. Nígbà tí wọ́n rí i pa, wọ́n dí ihò náà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó tó ogún ọdún kí ọmọ Mali kan, oníṣòwò tí ń jẹ́ Aliou Diallo, tó gba àṣẹ láti wá ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ àgbègbè náà. Ní 2012 tí wọ́n tún ihò náà ṣí, àyẹ̀wò fi hàn pé ìdá 98 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí ń jáde ni háídírójìn. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì kan ṣe kí ó lè máa jó o, abúlé tí kò ní iná mànàmáná rí sì bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Lára ibi tí iná náà kọ́kọ́ dé ni mọ́sálásí wọn, fún ìrun alẹ́. Omi ni ó sì ń jáde níbi tí ẹ́ńjìnnì mìíràn ti ń tú èéfín.

Bí omi bá wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, tí ó bá òkúta tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ pàdé níbi tí ó gbóná, irin a gba ọ́síjìn inú omi náà, a sì jọ̀wọ́ háídírójìn. Bí háídírójìn bá jó, ó tún di omi padà. N kò sọ pé a fi èyí pamọ́ sínú Sūratul-Hadīd o. Irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹ̀sìn láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ka sūrah tí a fi irin sọ lórúkọ kò yẹ kí ó rò pé orí ọkọ́ àti àdá ni ànfààní irin parí sí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú háídírójìn tí ayé ń lò lónìí, gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, èéfín rẹ̀ sì ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ìdí nìyí tí Faransé, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà fi ń wá èyí tí Ọlọ́hun ti ṣe sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá búra ní Ofosu pé ó wà lábẹ́ oko kòkó yín, tí ó sì ń gba owó, ẹ má dá a lóhùn. Agbabu ni kí ẹ wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni iléeṣẹ́ òyìnbó tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ nítorí ọ̀dà, kí ogun 1914 tó dá wọn dúró. Ó ju 100 ọdún lọ, síbẹ̀ òkè òkun ni a ṣì ń gbà ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì.

Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì fi àwọn Mùsùlùmí ṣe alájọni nínú omi, koríko àti iná. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ohun abẹ́ ilẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 sì pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ bá ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò ka àdéhùn náà fún wa? Ta ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá purọ́ ohun tí wọ́n bá nínú ihò? Háídírójìn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì yára gbiná. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi ẹ̀mí dí i.

Àwọn kan ṣì wà láàárín wa tí wọ́n ka ìmọ̀ òkúta sí ìmọ̀ ayé lásán. Imam al-Ghazali ka ìṣègùn àti ìṣirò mọ́ fardu kifāyah, èyí tí gbogbo ìlú yóò pín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí kò bá sí ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ti wọ ibẹ̀ lónìí. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ń kọ́ni ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí wa. Kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ wá ọmọ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó mọ físíìsì àti kẹ́mísírì. Kí a tó ra aṣọ ẹbí wòlímọ̀ tí ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò owó rẹ̀, kí a wò ó bóyá kò tó owó ìwọlé ọmọ náà.