Bí Àlejò Bá Dé Accra, Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1957, ìjọba kọ́ ilé ìtura Ambassador sí Accra kí àwọn àlejò pàtàkì lè rí ibi wọ̀ sí. Ilé náà kò sí mọ́. Lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni òmíràn dúró sí, èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2011, tí orúkọ Mövenpick, orúkọ òkè òkun, ṣáájú orúkọ àtijọ́ rẹ̀. Kò burú kí àjèjì bá wa ṣòwò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ Adúláwọ̀ bi ara rẹ̀ pé: bí àlejò bá dé, ta ni ó ń jẹ èrè rẹ̀?

Ní 2019, Ààrẹ Akufo-Addo pe àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà àti ibi gbogbo wá sílé, nítorí pé ó pé 400 ọdún tí a ti kó àwọn Adúláwọ̀ dé Virginia ní 1619. Àlejò tí ó wọ Gánà lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n rí Jamestown, wọ́n rí ilé tí Du Bois gbé títí ó fi kú ní 1963, wọ́n sì sọkún ní Elmina. Kì í ṣe ilé ìtura ńlá nìkan ni ó gbà wọ́n. Onílé oníyàrá mẹ́fà, olóúnjẹ Osu, awakọ̀, afinimọ̀nà àti agbẹ́gilére wà níbẹ̀.

Oṣù Kẹta 2020 dé, àrùn Kòrónà ti ibodè. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba gbé ètò ẹ̀yáwó kan kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kékeré, a sì ka àwọn agbàlejò mọ́ wọn: 600 mílíọ̀nù sídì, èlé 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún kan ìsinmi, ọdún méjì láti san án. Oore ni èyí. Ní 2023, ìwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Gánà fi lélẹ̀ tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Onílé kékeré wo ni yóò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò ní wọ̀?

Síbẹ̀, èlé kékeré nìkan kò tó. Èkíní, ètò náà béèrè nọ́ńbà owó orí. Ẹni tí kò sí nínú ìwé ìjọba, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Èkejì, oṣù Kejìlá ni ọjà agbàlejò máa ń kún, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni báńkì ń béèrè owó. Ní 2021 tí ìsinmi ọdún kan parí, iye àlejò kò tíì padà dé ti 2019. Ó yẹ kí ìgbà sísan bá ìgbà ìkórè mu. Ẹ̀kẹta, owó ìlú ni owó náà. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je, kì í sì ṣe ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ni ó dí.

Níbo ni owó yóò ti wá? Òfin ìrìn-àjò afẹ́ ti 2011 ti dáhùn. Ó fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sórí owó tí àlejò ń san, fún àpò ìdàgbàsókè iṣẹ́ náà. Àwọn agbàlejò fúnra wọn ni ó ń gbà á fún ìjọba. Ẹ̀tọ́ ni kí apá kan rẹ̀ padà ṣe onídùúró fún àwọn kékeré inú wọn.

Ní ti ohun ìdúró, ẹ jẹ́ kí a wo súsú tí àwọn obìnrin ọjà Accra ń dá, tí ó jọ èésú tiwa. Èésú gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá dìde ní Gánà kí àṣẹ oṣù Kọkànlá 1969 tó lé wọn lọ. Obìnrin tí kò pa ọjọ́ kan jẹ fún ọdún mẹ́ta, ìwé súsú rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ju ìwé ilẹ̀ tí kò ní lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ tí ó mọ bí a ti ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀ yóò lè gba ìyá rẹ̀ níwájú báńkì. A ti gba àsíá; ó kù kí a gba kọ́kọ́rọ́ ilé tí àlejò ń wọ̀ sí.