Ẹ Jẹ́ Kí Alásè Ráyè Délé

Bí ọkùnrin kan bá sọ láwùjọ pé alásè hòtẹ́ẹ̀lì ni ìyàwó òun, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò bú sẹ́rìn-ín pé ebi kò ní í pa á láéláé. Bí obìnrin bá ní ṣẹ́ẹ̀fù ni ọkọ òun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ní Ọlọ́run ti bá a gbé ẹrù ìdáná kúrò lórí. Ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan ni. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò tíì bi ara wọn léèrè ibi tí alásè náà máa ń wà nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń jẹun alẹ́.

Ìgbà tí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn bá dilẹ̀ ni iṣẹ́ alásè ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn èèyàn ń wọ aṣọ ẹbí, alásè òde ti wà nídìí ìkòkò láti òru ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, tí tọkọtaya ń du àyè ìjókòó ní àwọn ilé oúnjẹ Èkó, ẹnìkejì alásè nìkan ló ń wo tẹlifíṣàn nílé. Kérésìmesì ńkọ́? Iléyá ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kí ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí ó wo ojú àwọn tí ń jáde. Kí irú wọn tó dé Ìkòròdú, ọmọ ti sùn tipẹ́. Ẹsẹ̀ wíwú, ọwọ́ tí epo gbígbóná ta sí àti òórùn àlùbọ́sà ni wọ́n ń gbé wálé. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n kí Indomie jẹ́ oúnjẹ alẹ́ nílé alásè.

Kì í ṣe pé adùn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò yọ omi ọbẹ̀ aládùn lára egungun tí ẹlòmíràn ń kó dànù. Bí iṣu méjì àti epo díẹ̀ ló kù nílé, èèyàn márùn-ún yóò yó. Bí wọ́n bá sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, ó lè gbé ìkòkò kalẹ̀ níwájú ilé lọ́la.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí ẹbí ń fi ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí ó ní ṣe! Ẹ̀gbọ́n ọkọ fẹ́ sọmọ lórúkọ, wọ́n ti ránṣẹ́ pe ìyàwó alásè. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Bó bá kọ̀, ó di agbéraga. Bó bá lọ, ìyá ọkọ kan náà tó jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀ yóò tún ní ó ń se oúnjẹ fún àjèjì, ó fi ọkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ ni alásè, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà ló ṣì ń dáná nílé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Hilda Baci dúró ti iná ní Èkó títí Guinness fi kọ wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 sílẹ̀ fún un. Ìyìn tọ́ sí i. Àmọ́ ìdíje ni tirẹ̀, ó lọ́jọ́ tí ó parí. Ti àwọn tó kù kì í parí. Ní ilẹ̀ Faransé, Bernard Loiseau, tó gba ìràwọ̀ Michelin kẹta ní ọdún 1991, fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2003. Dominique aya rẹ̀ ni ó kù pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, òun náà ló sì gba àkóso ilé iṣẹ́ náà.

Àwọn olówó hòtẹ́ẹ̀lì yóò ní bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Abala 13 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 láìdáwọ́dúró láàárín ọjọ́ méje. Òfin náà tún fún un ní ìsinmi ọdọọdún tí a ń sanwó fún, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Ìsinmi tí ọ̀gá fi fóònù dá dúró ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kì í ṣe ìsinmi. Kí wọ́n lẹ ìwé àkókò iṣẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ìyàwó tàbí ọkọ lè mọ ọjọ́ tí wọ́n lè jọ lọ ṣèpàdé òbí nílé ẹ̀kọ́ ọmọ. Kí òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù jẹ́ ti alásè, kí wọ́n sì sanwó wákàtí tó bá lé.

Oníbàárà náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Òun ló ń wọlé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí yóò ní ẹja yíyan ni òun fẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tàtijọ́. Alásè tó ti bọ́ ápírọ́ọ̀nù sílẹ̀ yóò tún padà lọ tan iná.