Oríta ojú irin: ibi kékeré tó ń gbé ọkọ̀ ṣubú

Ojú irin tí àwọn Faransé ṣe kò dé Kétu rí. Ó dé Sakété láti Àjàṣẹ́ ní 1907, ó dé Pobẹ̀ ní 1913, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà ló ń kó àgbàdo wa. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ojú irin bá tún jẹyọ, ohun tí àwọn èèyàn máa ń béèrè ni ìgbà tó máa dé àti iye tí owó ọkọ̀ máa jẹ́. Ìbéèrè kan wà tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú: ta ni yóò máa tọ́jú oríta rẹ̀?

Oríta yìí ni ibi tí ọ̀nà irin kan ti pín sí méjì. Irin méjì tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu bí ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ ká pè é ní ahọ́n, ló ń sún sọ́tùn-ún tàbí sósì láti darí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pá irin ló so ahọ́n méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa rìn. Bí nọ́ọ̀tì ọ̀pá náà bá tú, ahọ́n lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ iwájú gba ọ̀nà kan, kí ti ẹ̀yìn gba òmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Potters Bar, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 2002 nìyẹn. Èèyàn méje ló kú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọ̀pá ìsopọ̀ tún bàjẹ́ ní Grayrigg, ẹnì kan sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe ọ̀pá náà ní ọ̀nà tuntun tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Faransé, ní Brétigny, ní oṣù Keje 2013, irin pẹlẹbẹ kan tó so ojú irin pọ̀ ní oríta tú kúrò nípò, èèyàn méje sì kú. Ní 2022 ilé ẹjọ́ dá SNCF, ilé iṣẹ́ rélùwéè wọn, lẹ́bi. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìlówó ló fà á.

Àwọn tó ń rọ irin kò jókòó o. Ibi tí ojú irin méjì ti dábùú ara wọn ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti máa ń gbá irin jù, nítorí àlàfo wà níbẹ̀. Irin tí wọ́n po mọ́ mangánísì, tí Robert Hadfield ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe ní 1882, ni wọ́n ń lò níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gbá a tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le. Fún ọkọ̀ tó ń sáré gan-an, wọ́n ti ṣe èyí tí imú rẹ̀ ń sún láti dí àlàfo náà. Èyí tó wù mí jù fún ilẹ̀ tiwa ni rólà kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n kó lè sún láìlo gíríìsì. Ẹni tó bá mọ erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Kétu nígbà ọyẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gíríìsì.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2025, ọkọ̀ tó ń ti Abuja lọ sí Kaduna ṣubú ní Asham. Ẹnì kankan kò kú. Ojú irin tuntun nìyẹn o, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i.

Ẹni tó bá ń ronú pé kí ojú irin wa pàdé ti Nàìjíríà tún ní ìṣòro mìíràn. Ti Benin fẹ̀ ní mítà kan. Ti àtijọ́ Nàìjíríà, sẹ̀ǹtímítà 106.7, ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun, 143.5. Oríta tí wọ́n rọ fún ọ̀kan kò wúlò fún èkejì.

Nítorí náà, tí ìjọba bá gbé ìwé àdéhùn ojú irin jáde, ẹ má wo iye kìlómítà nìkan. Ẹ wò ó bóyá owó àwọn tí yóò máa fi sípánà rìn láti oríta dé oríta wà nínú rẹ̀, títí kan ọdún kẹwàá.